Ẹ̀rọ Tí A Rà Nítorí Ojú Ìwé Kẹrin

Ilé Tíṣà Àgbà,
Òpópónà Ìbàdàn,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹsàn-án, 1986.

Mobọ́lájí, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé, mo sì kí ọ kú àárò ilé. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Ìdí tí mo fi gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ yóò yé ọ kí o tó kà á tán. Àwa náà ń bẹ láàyè. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń sọ fún mi nígbà tí òjò bá ń bọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó ń sọ ọ́ lórí rédíò lọ.

Ìròyìn tó ṣáájú ni pé mo ti ra ẹ̀rọ. Jọ̀ọ́, má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé èmi kan náà ni mo máa ń sọ pé ẹni tó bá ní gègé àti tákàdá, kí ló tún ń wá? Ọ̀rọ̀ náà ṣì dára. Àmọ́ ìyá rẹ kò rí tákàdá mọ́. Awọ funfun tó ti bo ojú òsì rẹ̀ nígbà tí o ń lọ ti bo ọ̀tún náà. Òórùn ló fi ń mọ ọbẹ̀ tó jinná, ọwọ́ ló fi ń wá ilẹ̀kùn. Dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ kékeré yóò ká awọ náà kúrò, ó sì dá ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá fún un. Ó ní bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ abẹ náà lè má ràn án mọ́. Ìyá rẹ ní òun ò lọ.

Èmi ni mo fa á. Gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìwé tí o kọ lóṣù kẹta, tákàdá mẹ́rin ni. Ìkẹrin ni o ti sọ pé wọ́n sáré gbé ọ lọ sí ọsibítù, pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ikùn rẹ, pé o lo ọjọ́ mọ́kànlá níbẹ̀, àti pé ara rẹ ti yá. Mo jókòó ti ìyá rẹ, mo ka tákàdá mẹ́ta fún un bí mo ṣe máa ń kà á. Nígbà tí mo ṣí ìkẹrin, mo rí ọ̀rọ̀ ọsibítù níbẹ̀. Mo bá hun ọ̀rọ̀ tèmi: pé òtútù ti ń dín kù, pé o kí gbogbo ìjọ. Mo tilẹ̀ fi ẹsẹ Bíbélì kan dí i lẹ́yìn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń fi yíǹkì pupa tún ìwé ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Mo rò pé mo lẹ́tọ̀ọ́ sí ti ọmọ tèmi.

Ìyá rẹ kò sọ nǹkan kan. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò fi sọ nǹkan kan. Àfìgbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ dókítà dé, tí mo ka ìwé rẹ ti oṣù keje fún un, níbi tí o ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, èwo ni Mobọ́lájí sọ níbẹ̀, èwo ni ẹ̀yin sọ? Lóṣù kẹta, mo gbọ́ tí ẹ ṣí tákàdá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tákàdá mẹ́ta ni mo gbọ́. Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni ń wàásù.” Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè gbàgbé: “Ẹni tó lè fi ojú ìwé kan pamọ́ fún mi nígbà tí mo ṣì ń rí bàìbàì, kí ni kò ní fi pamọ́ nígbà tí wọ́n bá fi báńdéèjì di ojú mi méjèèjì?”

Mo ní ó dáa, kí n sọ ohun tó wà ní ojú ìwé kẹrin fún un. Ó na ọwọ́ sí mi. “Ẹ má sọ ọ́. Ẹ ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ohùn ọmọ mi ni kó sọ ọ́ fún mi. Títí n ó fi gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni kò ní fi ọ̀bẹ kan ojú mi.” Nítorí ohùn rẹ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rọ kiri ìlú ní ọjọ́ ogbó mi.

Mo kọ́kọ́ lọ béèrè tẹlifóònù. Ọ̀gbẹ́ni tó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí. Mo sọ fún un. Ó mi orí bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn, ó sì fi fọ́ọ̀mù mi sábẹ́ òmíràn tó ti gbó. Ti tẹligíráàmù, ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi owó kà kì í ṣe ìkíni.

Bí Olóyè Frederick Mọ́ṣádé ṣe gbọ́ pé mo ń wá ẹ̀rọ nìyẹn. O rántí rẹ̀: òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin tó máa ń ha ọ̀fun pẹ́ kó tó sọ pé ẹ káàárọ̀. Ó ti di aṣojú ilé-iṣẹ́ kan báyìí, ó ń ta tẹlifóònù tí kò ní wáyà. Ó gbé e wá sí pálọ̀ wa nínú àpótí tó tóbi bí àpótí aṣọ ìyàwó, ó fa irin gígùn kan yọ lára rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gún fọ́tò bàbá mi lójú. Ó ní, “Hẹ́dímasítà, ayé ti fi tákàdá sílẹ̀. Ohun tí àwọn ìjọba ń lò nìyí.” Mo bi í pé ìjọba wo. Ó ní, “Gbogbo wọn.”

Ó wá pe ìyàwó rẹ̀, tí irú ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìbẹ̀fun níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kí a lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń já gaara. Ohùn náà já gaara lóòótọ́. Obìnrin náà kò mọ̀ pé èèyàn wà lọ́dọ̀ ọkọ òun. Ó ní, “Dádì, ẹ ò kúkú fi oògùn pa eéwo ìdí yín kí ẹ tó jáde láàárọ̀. Ẹ má jókòó lórí àga líle o!” Olóyè, tó ti wà lórí àga onípákó wa láti ìgbà tó dé, dìde. Ìyá rẹ, tí kò rí nǹkan kan àmọ́ tó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ní kí n bá wọn wá ìrọ̀rí. Mo bi Olóyè bóyá ẹ̀rọ náà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Mansẹ́sítà. Ó ní kò tíì dé ibẹ̀, àmọ́ kò sí bí kò ṣe ní dé Ìbẹ̀fun. Owó rẹ̀ tó ra ọkọ̀ ìjàpá àlòkù, ọkọ̀ ìjàpá sì ń dé ibi tó jìnnà ju Ìbẹ̀fun lọ.

Ọ̀dọ̀ Yẹ̀kínì Sùnmọ́nù ni mo gbà lọ níkẹyìn, tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Àjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni nígbà kan rí, mo sì nà án gan-an nítorí ìṣirò. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbá àga, ó ní, “Tíṣà, ẹ jókòó. Lónìí, èmi ni n ó ṣírò.” Ó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì kalẹ̀. Ọ̀kan tóbi, ó ní ojú méjì bí òwìwí, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé sí èjìká. Òkúta tọ́ọ̀ṣì mẹ́jọ ló ń jẹ. Èkejì kò ju ìwé orin ìjọ lọ, òkúta mẹ́rin tó o, kò nílò iná ìjọba, a sì lè gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí sí ọsibítù.

Mo jẹ́wọ́ fún ọ pé ńlá ni mo na ìka sí. Ìfẹgẹ̀ kò yọ tíṣà sílẹ̀. Yẹ̀kínì ní, “Ta ló fẹ́ máa lò ó, sà?” Mo ní ìyá rẹ. Ó ní, “Ojú Màmá ń dùn wọ́n. Ńlá yìí ní bọ́tìnì mẹ́tàdínlógún, kékeré ní mẹ́fà. Ẹ ó san owó bọ́tìnì mọ́kànlá tí wọn ò ní tẹ̀ láé.” Ká ní ó mọ ìyọkúrò báyìí ní ọdún 1958 ni, èmi àti òun ì bá ti sinmi.

Mo gbé kékeré délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo bá ọ sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bí ẹni ń bá ìpàdé àwọn òbí sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo yí i padà láti gbọ́ ara mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi “ṣììì” bí àgbo tí ń hó lórí iná. Yẹ̀kínì wá sílé. “Tíṣà, pupa àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó tẹ̀ pa pọ̀. Mo sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù.” Mo ní n kò gbọ́. Ó ní, “Nígbà tí àwa ò bá gbọ́, ẹgba ni.” Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí Yẹ̀kínì kọ́ òun náà. Ọmọkùnrin náà tan àbẹ́là, ó kán an sórí bọ́tìnì méjèèjì kí ìka ìyá rẹ lè mọ̀ wọ́n. Mo rò pé eré lásán ni.

Ètò tí mo là sílẹ̀ nìyí. Edith, ọmọ ìjọ wa tó ń padà sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Ẹtì, yóò gbé kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ lọ, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ọ láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìfìwéránṣẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí ni a ó máa lò. Mo ti ṣètò pé kásẹ́ẹ̀tì méjì tó, kí ọ̀kan máa lọ kí èkejì máa bọ̀, ká máa pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́. Ìyá rẹ ní, “Ohùn ọmọ mi ni ẹ fẹ́ máa parẹ́ bí ìṣirò ojú pátákó?” Mo ti ra mẹ́fà. Mo ti fi gíláàsì wo fọ́tò yàrá rẹ tí o fi ránṣẹ́: ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì rẹ ní bọ́tìnì pupa, o ò ní àwáwí. Ìyá rẹ fẹ́ ri kásẹ́ẹ̀tì sínú gàrí kó má bàa fọ́. N ó fi ọ̀rá dì í, n ó fi í sínú agolo mílíìkì, kí a tó ri agolo sínú gàrí náà. Má da omi sí gàrí kankan títí o ó fi rí agolo.

Ohùn èmi nìkan ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo ní kí ìyá rẹ kí ọ, ó kọ̀. “Láti ìgbà wo ni ìyá ti ń kọ́kọ́ kí ọmọ? Kó kí mi kí n tó dá a lóhùn.” Mo ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Ó ní ẹ̀rọ kọ́ ló bí òun. Mo bi í pé báwo ni yóò ṣe mọ̀ bóyá o kúnlẹ̀. Ó ní ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ kì í jọ ti ẹni tó jókòó. Nítorí náà, kúnlẹ̀, ọmọ mi. Etí tó ka tákàdá mẹ́rin yóò mọ̀.

Kí i dáadáa, kí o sì sọ ojú ìwé kẹrin fún un bí ó ṣe rí. Sọ ibi tí wọ́n ti là ọ́ fún un, bó ṣe dùn ọ́ tó, bí o ṣe jí, àti ẹni tó fún ọ ní omi. Ohun tí mo pa mọ́ kí ẹ̀rù má bàa bà á ni ohun tí ì bá lé ẹ̀rù náà lọ. Jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì rẹ dé kí oṣù kẹwàá tó parí. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, yóò lọ. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́.

Olúwa yóò máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Ọ̀bẹ kò ní kàn ọ́ mọ́, ìwé ìdánwò kò ní le jù fún ọ. Ojú tó ń retí rẹ yóò rí ọ, yóò sì mọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò ní tún ìwé rẹ ṣe mọ́,

Simeon Adébùsọ́lá.

Ọ̀rọ̀ tó kù sẹ́yìn: Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nìyí. Mo lọ ra ọ̀rá ní Òkè-Àjẹ́. Nígbà tí mo dé, ẹ̀rọ náà wà lórí itan ìyá rẹ, àbẹ́là orí bọ́tìnì méjèèjì ti fẹ̀ pẹrẹsẹ, kásẹ́ẹ̀tì sì ti kúrò níbi tí mo fi í sí. Ó yọ ọ́, ó nà án sí mi. “Ẹ dì í. Ẹ má gbọ́ ọ.” Mo ní ṣebí ó ní ọmọ ló yẹ kó kọ́kọ́ kí òun. Ó ní, “Ó ti kí mi. Láti oṣù kẹta ló ti kí mi. Ẹ̀yin ni ẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ọ tán.” Mo ti dì í. N kò gbọ́ ọ. Kò sí yíǹkì pupa kankan lára rẹ̀.