Ẹni Tí N Kì Í Kí

Iye mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Àlàáfíà ni mo wà ní Awoye níbí, ẹja ń bọ̀ dáadáa, ara mi sì le. Promise ọkọ mi ṣì wà ní Etikan. Iṣẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀ ni kò jẹ́ kó tíì wálé.

Fadá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, èmi náà yóò sì gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá Olówòkéré, katikíìsì tó ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní Ọlọ́run ló ń pè wá síbi oúnjẹ rẹ̀, ká tún ọkàn wa ṣe dè é. Mo ní tèmi ti mọ́.

Wọ́n bi mí pé, "Moríkẹ́, ta ni o kì í kí?"

Mo ní ẹja mi wà lórí iná, mo sì dìde.

Lánàá, mo rí Gift ní èbúté. Ará Etikan ni. Ó gbọ́mọ tuntun dání, kò sì rí bí yóò ṣe gòkè láti inú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó rí mi, ó gbójú sílẹ̀.

Mo nawọ́ sí i. "Gbé e fún mi."

"Ẹ ṣé, ìyáálé mi."

Ọmọ náà fi iwájú orí jọ bàbá rẹ̀. Mo gbé e títí ìyá rẹ̀ fi gòkè. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Olúwa pé ibi tí agbára mi mọ nìyẹn, kó bá mi ṣe ìyókù.

Ẹ má ṣe ìyọnu àtiwá lọ́jọ́ Àìkú, omi ò fararọ. Ẹ bá mi kí Kingsley àbúrò mi àti gbogbo ará ilé ní Àkúrẹ́. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ fún Promise, ẹ fi rán Gift. Òun ni yóò tètè rí i.

Èmi ọmọ yín,
Moríkẹ́