Ilà Méjì Ara Ilẹ̀kùn Màmá

Sátidé, ìrọ̀lẹ́. Ayétòrò.

Èmi ni mo ní kí Màmá jẹ́ kí n tún ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣe. Wọn ò bẹ̀ mí.

Ẹ̀rọ sáńpépà oníbátìrì tí mo rà lówó pọ́ọ́kú ní Ìgólò, lẹ́yìn bọ́dà, ni mo gbé síta. Sáńpépà líle nìkan ló bá a wá. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n padà wá mú èyí tó kúnná, ṣùgbọ́n wọ́n ti bọ́dà pa kí n tó padà lọ. Mo lè fi ọwọ́ họ ọ́, ṣùgbọ́n ìwàǹwára ò jẹ́.

Láti òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi ń dùn bí pákó ṣe ń dán, àfi bí bátìrì ṣe kú. Mo ṣì ń bú u nígbà tí Màmá jáde, tí wọ́n fi ọwọ́ pa etí ilẹ̀kùn.

“Ilà mẹ́rin ló kù,” ni wọ́n wí.

Bàbá ò mọ̀wé. Ìgbàkígbà tí Màmá bá bímọ, Bàbá á fi ọ̀bẹ fa ilà kan síbẹ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Mẹ́fà ni. Mo mọ̀ o! Mo kàn rò pé ẹ̀rọ yẹpẹrẹ yìí ò lè jẹ pákó tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí n fi ọ̀bẹ tún ilà méjì tó pa rẹ́ fà.

“Ṣé ìwọ lo bí wọn ni?”

Àwa mẹ́rin tó wà láyé ní ìwé ìbí. Ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, tí wọ́n kú ní kékeré, ilà wọ̀nyẹn nìkan ni wọ́n ní.

Ìgbà tó kan ilà tèmi ni bátìrì tó wá kú.