Ta La Ó Kọ́kọ́ Bupá Fún?

Àlàmísì, ìrọ̀lẹ́

Ìpàdé àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ ìwòsàn, ti Ìlọrin àti ti Ọ̀fà, yóò wáyé ní ọ̀túnla. Dókítà òyìnbó ní ká ṣe é ní ọsibítù. Mo ní rárá. Ẹni tó ń kú lọ nìkan làwọn èèyàn wa ń gbé lọ síbẹ̀. Agbo ilé Ààfáà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ló dáa, kí gbogbo àdúgbò lè rí bí a ṣe ń bupá kí ìgbóná má baà mú èèyàn.

Mo lọ bẹ Ààfáà lónìí pé kí wọ́n gbà wá sílé. Wọ́n ní, "Ta lẹ ó kọ́kọ́ bupá fún?"

"Èmi ni, Bàbá."

Wọ́n wo ojú mi. "Ìwọ tí ìgbóná ti mú rí, tí àpá rẹ̀ kún ojú rẹ? Kì í múni lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló máa gba ìyẹn gbọ́?"

Mi ò ro ìyẹn tẹ́lẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Kò mú yín rí."

Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ká apá agbádá sókè.

"Apá òsì ni o. Ọ̀tún ni mo fi ń kọ wàláà."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti ìjẹta ni mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ará Ọ̀fà pé Ààfáà ti gbà wá sílé.