Láńlọ́ọ̀dù Di Ayálégbé

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Mo ṣẹ́gun! Ẹ̀pìyà mi kankan ò wọ ìkòkò.

Láàárọ̀, Láńlọ́ọ̀dù, èyí dúdú tó rò pé òun nìkan ló ni àpótí dígí tí mo fi ń sìn wọ́n, tún gé lẹ́bẹ́ èyí pupa jẹ, ó sì lé èyí onílà sí kọ̀rọ̀. Ìyé Àgbà, ìyá bàbá mi, ní: "Ó tó gẹ́ẹ́. Tí wọ́n bá tún jà kílẹ̀ tó ṣú, mo máa sè wọ́n. Mo ti lọ ata."

Mo gbé dígí ìwojú ti ẹ̀gbẹ́ àpótí. Láńlọ́ọ̀dù yanu, ẹni inú dígí yanu. Ó fẹ lẹ́bẹ́, tọ̀ún náà fẹ tiẹ̀. Èmi tí mo máa ń sín gbogbo Ugbonla jẹ, mo rí ọ̀gá! Bó ṣe ń bá ara ẹ̀ jà, mo pààrọ̀ ipò gbogbo òkúta inú omi. Nígbà tó fi máa yíjú, kò mọ ilé ẹ̀ mọ́. Ó di ayálégbé bíi tiwọn.

Ìyé Àgbà ṣọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò síjà. Edé ló fi ata yẹn sè, la bá fi jẹ púpurú.

Mo wá fi ohùn ẹ̀ pariwo sáwọn ẹja: "Mo ti lọ ata o!"

Ó dáhùn láti ìdáná: "Ta ló ń yá ohùn mi lò níbẹ̀ yẹn?"