Olúṣẹ̀san Ayélàágbé, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Àkúdàáyà Pòórá

Òde Rẹ́mọ ni a bí Olúṣẹ̀san sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, ní ìdílé Ayélàágbé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀, Jòsáyà. Ìyá rẹ̀, Abígẹ́lì, ti ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ó parí ilé ìwé girama ní 1975. Ó ṣe olùkọ́, kò pẹ́ níbẹ̀. Eré ni ó fà á. Ó ń bá àwọn òṣèré kiri, ó ń kọ eré fún wọn. Ẹni tí ìlú kò fẹ́ ni ó máa ń kọ nípa rẹ̀: adẹ́tẹ̀, àlejò, obìnrin tí wọ́n pè ní àjẹ́.

Ní 1991 ó lọ sí Dubai. Ó ń mú àwọn oníṣòwò láti Èkó kiri ọjà Deira. Ọjọ́ Ẹtì ni ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n ń sinmi níbẹ̀.

Kò gbé ìyàwó, kò bímọ. Gbémiga Ògúnjọbí, ọkùnrin bíi tirẹ̀ tí ń di ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, ni ó fẹ́ràn. Gbémiga sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà léwu lọ́hùn-ún, ó léwu nílé. Bí ará ilé bá ti rí wọn pọ̀, wọn a kó ẹrù: láti Al Baraha sí Muhaisnah, láti Muhaisnah sí Al Khan ní Sharjah, létí ọ̀sà. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí ó mú Gbémiga wọ ilé bàbá rẹ̀ yìí ní ọ̀sán gangan. Kò rí i ṣe.

Ní Al Khan ni ó ti kọ eré àkúdàáyà, òkú tí ó lọ ń gbé níbi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa mọ bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń parí. Ará ilé dé, ó pè é lórúkọ, òkú náà pòórá. Nínú ti Olúṣẹ̀san, ará ilé pè é, ó dáhùn, ó sì dúró.

Àmúsà onífíìmù kà á, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, òkú tí ò sá? Ta ló máa ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn? Ẹ jẹ́ kó pòórá, khalas, ó parí, ká máa ya fíìmù wa.”

Olúṣẹ̀san ní, “Ó ti sá tó, Àmúsà.”

Wọn kò ya á.

Àìsàn ọkàn mú un lọ ní oṣù kejì ọdún 1998. Kí wọ́n tó gbé e wálé, Wosilat aláṣọ, ará àdúgbò wa, ti Dubai dé. Kò tíì gbọ́.

Ó ní, “Mo rí Ṣẹ̀san ní Deira níjẹta. Mo pè é lórúkọ láti òdìkejì títì. Ó ní, ‘Àǹtí, ẹ kú ọjà o.’ Ó bá mi gbé ẹrù dé ibi kágò. Ọwọ́ ẹ̀ kàn tutù ni.”

Nígbà náà, Olúṣẹ̀san ti lo ọ̀sẹ̀ kan ní ilé òkú. A sọ fún Wosilat. Ó jókòó sílẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Olúṣẹ̀san fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀, àti Ọlọ́ládé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ọlọ́ládé. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a má kọ orúkọ Gbémiga síbí, kí ó jókòó sẹ́yìn bí ọ̀rẹ́ lásán. Òun ni ó pa ojú rẹ̀ dé. Òun ni ó mú un wálé. A kọ ọ́: Gbémiga Ògúnjọbí. Òun ni olókùú. Iwájú ni ó jókòó lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá. Ẹ bá a kẹ́dùn.

Olúṣẹ̀san, ilé baba rẹ ni o wà. Sùn re.