Àwòrán Ọpọlọ Tèmi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́. Ìlú Aládé.

Dókítà obìnrin tó ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn ọwọ́ gbígbọ̀n pè mí lónìí. Mo rò pé nítorí Bọ̀ọ̀dá mi ni. Àwọn ni ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Ṣe ni mo kàn sìn wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn lóṣù tó kọjá, tí dókítà ní àwọn ń wá ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tí àwọn á fi wé aláìsàn. Wọ́n fún àwa méjèèjì ní abẹ́rẹ́ oògùn onítànṣán, ẹ̀rọ sì ya ibi tí oògùn náà lẹ̀ mọ́ nínú ọpọlọ wa.

Àwòrán méjì ló fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ti Bọ̀ọ̀dá ṣókùnkùn níbi tó yẹ kó tàn. Ìkejì náà ti ń ṣókùnkùn lápá kan.

“Dókítà, ẹ fi ti Bọ̀ọ̀dá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

“Rárá, mà. Tiyín nìyẹn.”

Mo wo ọwọ́ mi. Ó dúró jẹ́ẹ́.

Ó ní kí n wá kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ó wá rọra béèrè bóyá mo ṣì ń gbóòórùn dáadáa, pé nígbà mìíràn ìyẹn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo ṣí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi bo kòkó tútù láti ọjọ́ mẹ́rin kó lè kan kí wọ́n tó sá a, mo sì tẹ orí bá a. Ooru rẹ̀ fẹ́ sí mi lójú. Mo fa imú, mo tún fa imú. Kò sí nǹkankan. Láti ìgbà wo ló ti...

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá fi ìborùn bo imú lókèèrè.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò ó padà. Òórùn yẹn ti kan jù.”

Mo bò ó padà. Mo ní èmi náà gbóòórùn rẹ̀.