Àwọn Gáùn Ńláńlá Tí Mo Ń Gé

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. A dúpẹ́ pé ẹ máa ń fetí sí ẹjọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí.

Nílé ìtajà aṣọ àlòkù ni mo ti máa ń ṣa gáùn ńláńlá, tí mo fi ń rán aṣọ ọmọdé tà. Òun la fi ń jẹun látìgbà tí ọkọ mi ti dùbúlẹ̀ àìsàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó sanra, tó ń dáná nílé ìwé àwọn ọmọ mi, wá aṣọ níbẹ̀ títí, kò rí èyí tó gbà á. Ó wo àwọn gáùn tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, fi búlúù yẹn sílẹ̀ fún mi. Èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti ya lábíyá."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, oníbàárà ti ń dúró dè é."

Ó ní, "Kò burú. Ara mi ló sanra, àpò mi ò sanra."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tí mo padà lọ, mo fi gáùn méjì tó lè gbà á sílẹ̀ lórí àtẹ, kó lè bá wọn níbẹ̀. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, aránṣọ mìíràn ti kó wọn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ká ní ẹ̀yin lẹ wà nípò mi, kí lẹ máa ṣe? Ọ̀la ni wọ́n tún máa já ẹrù aṣọ nílé ìtajà náà.